Renzo Piano, ọmọ kọ́lékọ́lé

Ìdílé kọ́lékọ́lé ni wọ́n bí Renzo Piano sí ní Genoa, lórílẹ̀-èdè Ítálì, lọ́dún 1937. Ọmọ tó dàgbà sáàárín símẹ́ǹtì àti yanrìn, ta ni yóò yà lẹ́nu pé iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló yàn?

Ohun tó yani lẹ́nu ni Centre Pompidou, ilé iṣẹ́ ọnà ní Paris, tí òun àti ayàwòrán ilé ẹgbẹ́ rẹ̀, Richard Rogers, yà, tó ṣí lọ́dún 1977. Páìpù omi, ọ̀nà afẹ́fẹ́, wáyà iná, gbogbo ohun tí àwọn ẹlòmíì ń fi pamọ́ sínú ògiri ni wọ́n kó síta gbangba, tí wọ́n tún kùn ún: búlúù fún afẹ́fẹ́, àwọ̀ ewé fún omi, yẹ́lò fún iná. Àfi bí ẹni wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ sórí agbádá! Ọ̀pọ̀ èèyàn bú u nígbà náà; nígbà tó yá, èrò kì í wọ́n níbẹ̀, títí wọ́n fi tì í fún àtúnṣe ní 2025.

Piano gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán ilé, ní 1998. Òun náà ló ya Shard, ilé gogoro onígíláàsì tó ga tó mítà 310 ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣùgbọ́n nígbà tí afárá Morandi wó ní Genoa ní 2018, tó pa èèyàn 43, ọ̀fẹ́ ló ya àwòrán afárá tuntun fún ìlú rẹ̀. Wọ́n ṣí i ní 2020.

Ó tún ya ilé ìwòsàn iṣẹ́ abẹ fáwọn ọmọdé ní Entebbe, Uganda. Ògiri rẹ̀ ńkọ́? Erùpẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni, tí wọ́n gún kì.