Ọkọ̀ Tó Pẹ́ Lórí Ilẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ́ iṣẹ́ ẹja pípa níbí ní Wàrí, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìkánjú ṣe.

Oṣù méje ni mo lò nílé ní Ìlàjẹ nígbà tí ìyá mi kú. Nígbà tí mo padà dé, ọkọ̀ onípákó mi ṣì wà ní ìdojúdé ní èbúté. Kò sí ibi tó kán lára rẹ̀. Mo ní kí ọmọ mi múra, pé láàárọ̀ ọ̀la la máa wọ òkun.

Bàbá kan tó ń tún àwọ̀n ṣe rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kọ́kọ́ fún un lómi mu ná."

A yí i sójú, a pọnmi kún inú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti tán. Oòrùn ti gbẹ igi náà, gbogbo ibi tí pákó ti pàdé ló ti là.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń pọnmi sí i kí igi tó wú. Ibi tó ṣì ń jò, a ki òwú bọ̀ ọ́, a fi ọ̀dà dí i. A da epo àtijọ́ inú ẹ́ńjìnnì nù, a pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, a sì tàn án wò nínú dúrọ́ọ̀mù omi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ǹ bá ti gbé ọmọ mi sínú ọkọ̀ yẹn! Ohun tá a bá ti pa tì, ìbáà jẹ́ ọkọ̀, ìbáà jẹ́ àdúrà ìdílé, ẹ má sáré gbé e dójú ibú. Ẹ wá ibi tó ń jò nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà lórí ilẹ̀.