Ooru Nìkan Kọ́

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbá géèmù kì í kú lójijì kí aládùúgbò má ti mọ ohun tó pa á. Ooru ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Computer Village n'Íkẹjà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ tí kò tíì ṣí kọ̀ǹpútà wò rí, mo sì mọ ìdí tí ẹnu fi kò lé e lórí. Ooru ṣeé fọwọ́ kàn. Èèyàn á gbé ọwọ́ sí ẹ̀yìn àpótí, atẹ́gùn gbígbóná á fẹ́ sí i lọ́wọ́, ẹjọ́ parí. Fóltéèjì kò ṣeé fọwọ́ kàn bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń pè é lẹ́jọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ olówó ńlá yìí n'Íbàdàn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti yọ ìdérí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ti kọjú fáànù pálọ̀ sí inú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń kùn.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀ mà. Ooru ló ń pa á." Ó ní bí ogun bá ti gbóná nínú géèmù báyìí, gbogbo rẹ̀ á kú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí NEPA bá mú iná.

Bó ṣe ń kú yẹn ló kọ mí lóminú. Ẹ̀rọ tí ooru ń dà láàmú kì í sábà kú báyẹn. Processor òde òní ní ohun tó fi ń wọn ooru ara rẹ̀, bó bá sì ti fẹ́ kan òkè, òun fúnra rẹ̀ á dín eré kù. Òkè yẹn ga ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Ti Core i9-14900K tí Intel ṣe jẹ́ 100°C. AMD sì sọ ọ́ gbangba ní 2022 pé àwọn Ryzen 7000 lè máa ṣiṣẹ́ ní 95°C, pé bí àwọn ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá rí 95 tó sì sáré tú ẹ̀rọ palẹ̀ kàn ń wá iṣẹ́ ṣe ni. Bí ooru bá pọ̀ jù lóòótọ́, àwòrán á kọ́kọ́ máa fà, fáànù á máa pariwo. Ìgbà tí dídín eré kù kò bá ràn án mọ́ ni ẹ̀rọ á tó pa ara rẹ̀, bóyá nítorí pé pọ́ǹpù tó ń yí omi ìtutù ti dáwọ́ dúró, tàbí pé ẹni tó tò ó gbàgbé láti ya ọ̀rá kúrò nísàlẹ̀ irin tó ń tu processor lára. Ìgbàgbé ọ̀rá yìí wọ́pọ̀ ju bí àwọn tó ń tò ó ti máa ń jẹ́wọ́ lọ.

N kò sọ pé ooru kì í ṣe nǹkan kan nílẹ̀ wa o. Kò sí fáànù tó lè mú processor tutù ju atẹ́gùn inú yàrá lọ. Àwọn tó ń dán ẹ̀rọ wọ̀nyí wò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sábà máa ń ṣe é nínú yàrá tí kò ju bíi 25°C lọ. Yàrá n'Íbàdàn lọ́sàn-án oṣù kejì ọdún, tí kò síná, lè kọjá 33. Gbogbo àlékún yẹn, orí processor ló ń bọ́ sí. Kí a má tilẹ̀ sọ ti eruku ọyẹ́ tó ń di àlàfo àwọn irin pẹlẹbẹ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Nítorí náà a fọn eruku dànù, a pààrọ̀ ìpara tó wà láàárín processor àti irin ìtutù rẹ̀. Ara ẹ̀rọ tutù díẹ̀. Ó sì tún kú.

A wá fi HWiNFO, ètò tó ń wọn ooru inú kọ̀ǹpútà, sílẹ̀ kó máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ìlà tó kẹ́yìn kí iná tó lọ, processor wà ní 74°C, graphics card wà ní 70. Windows ní tirẹ̀ kọ Kernel-Power 41, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà sí orúkọ àrùn, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á bó ti yẹ. Graphics card tí wọ́n kọ 320 wáàtì sí lára lè fa iye tó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa láàárín àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, power supply tí kò bá sì lè gbà á mọ́ra á gé iná. Torí irú èyí ni ìlànà ATX 3.0 ti 2022 fi ní kí power supply lè fara da ìlọ́po méjì agbára rẹ̀ fún 100 microsecond. Ti ọmọ yìí, ara ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́ ló ti yọ ọ́. A ra èyí tó lágbára jù ú lọ, ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gba fáànù rẹ̀.

Ẹ̀sùn òdì tó ká mi lára jù kì í ṣe ti ilé wa. Intel gbé i9-13900K jáde ní oṣù kẹwàá 2022, ó gbé 14900K tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá 2023. Kò pẹ́ tí àwọn tó ra èyí tó wọ́n jù fi rí i pé àwọn géèmù tí wọ́n fi Unreal Engine ṣe ń ti ara wọn pa. Ohun tí ẹ̀rọ kọ sójú ni pé ààyè inú graphics card ti tán. Ẹni tó ní RTX 4090, tí ààyè rẹ̀ jẹ́ 24 GB! Wọ́n pààrọ̀ driver, wọ́n pààrọ̀ RAM, àwọn mìíràn pààrọ̀ graphics card tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ processor ló ń tú dátà tí wọ́n dì pọ̀, tó ń tú u ní àtúkùtú, tí graphics ń gba ìdọ̀tí, tí graphics ń jẹ̀bi. RAD Game Tools, àwọn tó ṣe Oodle tí géèmù fi ń tú dátà bẹ́ẹ̀, wà lára àwọn tó sọ ọ́ síta pé kì í ṣe géèmù.

Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn tún padà sórí ooru, pé agbára tí processor ń fà ló pọ̀ jù. Intel kọ 253 wáàtì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òkè agbára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ motherboard kọ 4,096 síbẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí òkè kankan. Wọ́n fà á wálẹ̀ ní 2024, àìsàn náà dín kù fún àwọn kan, kò lọ. Ní oṣù keje ọdún yẹn Intel jẹ́wọ́ pé microcode tirẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tó ń darí processor láti inú, ló ń béèrè fóltéèjì tó ju èyí tó yẹ lọ. Àtúnṣe 0x129 jáde ní oṣù kẹjọ. Èyí tó tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án, 0x12B, ló yà mí lẹ́nu, nítorí ohun tó wá dí ni fóltéèjì gíga tí processor ń béèrè nígbà tí kò ṣe iṣẹ́ tó le, àní nígbà tó ń sinmi. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lásìkò yẹn á ní ara rẹ̀ le koko. Intel sọ pé ooru lọ́wọ́ nínú bí àwọn circuit kan nínú processor ṣe ń gbó, mo gbà, ṣùgbọ́n fóltéèjì ló ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Èyí tó sì ti bàjẹ́ ti bàjẹ́. Kò sí microcode tó lè wò ó sàn. Wọ́n fi ọdún méjì kún wáráńtì, ó di márùn-ún.

Wáráńtì ọdún márùn-ún kò kan ẹni tó ra tokunbo. Láìpẹ́ yìí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé òun rí 14900K olówó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ ẹnì kan, pé ara rẹ̀ tutù dáadáa. Mo ní kó sọ fún un pé a máa wá, a máa wo nọ́ńbà microcode tó wà nínú BIOS, a ó sì fi 7-Zip tú fáìlì ńlá kan léraléra fún odindi wákàtí kan níṣojú rẹ̀ ká tó sanwó. Ọkùnrin náà ní òun ò ní àyè wákàtí kan. Ọmọ náà ní, "Àǹtí, ṣé ká fún un ní ogún ìṣẹ́jú?" Mo ní kó lọ wá òmíràn.