Omi Kpong Àtijọ́ àti Omi Ẹ̀rọ Òde Òní

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2008, Benjamin Boukpeti gba àmì ẹ̀yẹ onídẹ nínú ìdíje káyáàkì slalom, eré títukọ̀ gba àárín òpó lórí omi tó ń ru, ní Beijing. Kò tíì sí ẹni tó gba irú rẹ̀ fún Tógò rí ní Òlíḿpíìkì. Ayọ̀ pọ̀ débi pé ó dá àjẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sí méjì. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Jonathan Akinyemi tukọ̀ fún Nàìjíríà ní Lee Valley, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ Akínyẹmí nínú eré tí ọ̀pọ̀ wa ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà! Ní Madina níbí, ní Accra lórílẹ̀-èdè Gánà, tí Yorùbá àti ọmọ Tógò ti jọ ń ná ọjà kan náà, ó yẹ kí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ máa dùn mọ́ wa títí.

Síbẹ̀, omi tí àwọn méjèèjì bá jìjàkadì kì í ṣe odò. Pọ́ọ̀mpù ló ń fa omi náà gòkè, kòǹkéré ló ń darí rẹ̀. Bí wọ́n bá pa iná, ó parí nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni eré náà rí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Swítsáláńdì lọ́dún 1933. Orí omi tó pa rọ́rọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, kí wọ́n tó gbé e lọ sínú odò olókùúta. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni egungun ọkọ̀ ayé ìgbà náà, aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà bò ni awọ rẹ̀. Èèyàn lè ká a, kó gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin. Bí àpáta bá fà á ya, olúwarẹ̀ á jókòó létí odò, á lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọdún 1963, ọkọ̀ aláṣọ wọ̀nyí kúrò nínú ìdíje àgbáyé, fáíbà gba ipò wọn. Lẹ́yìn náà làwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fá imú àti ìdí ọkọ̀ pẹlẹbẹ, kó lè yọ́ gba abẹ́ òpó tí wọ́n gbé kọ́ sókè omi. Lónìí, kábọ́ọ̀nù àti Kevlar ni. Mítà mẹ́rin ni òfin ní kí káyáàkì gùn ó kéré tán tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, wọ́n gé e sí mítà mẹ́ta àtààbọ̀. Ọkọ̀ tó kúrú bẹ́ẹ̀ yára yípo lóòótọ́, ó sì rẹwà lójú. Àmọ́ èwo ni a tún lè fi ọwọ́ ara ẹni lẹ̀ nínú wọn?

Augsburg ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ la ipa omi àtọwọ́dá fún slalom, fún Òlíḿpíìkì 1972, láti ara odò Lech. Ìlà Oòrùn Jámánì lọ ṣe irú rẹ̀ sí Zwickau, wọ́n fi dánra wò, wọ́n sì kó góòlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Ẹni tó gba góòlù káyáàkì ọkùnrin lo ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ lórí omi. Eré náà kúrò ní Òlíḿpíìkì fún ogún ọdún, ó padà lọ́dún 1992. Ní Beijing, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ ni Boukpeti fi sáré ẹ̀ẹ̀kan. Bí ọkọ̀ bá fara kan òpó, ìyà ìṣẹ́jú-àáyá 2 ni. 5 ni nígbà Òlíḿpíìkì 1992. Ohun gbogbo ti kúrú, ó ti yá, àwọn òǹwòran sì lè rí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí odò fúnra rẹ̀ ń yan ohun tí atukọ̀ máa bá pàdé, ọgbọ́n mìíràn ló ń bẹ nínú eré náà.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: àwa náà ní irú odò bẹ́ẹ̀. Láti Madina gba Adenta àti Dodowa, kò pẹ́ kéèyàn tó dé etí odò Volta. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ẹrù tó bá gbéra láti Ada létí òkun máa ń já ẹrù sí Akuse, torí omi tó ń ru láàrin àpáta Kpong kò jẹ́ kó kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ dáàmù sórí odò náà: ti Akosombo parí lọ́dún 1965. Dáàmù Kpong tẹ̀ lé e lọ́dún 1982, ó sì bo àpáta wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀. Dáàmù Bui ṣe bẹ́ẹ̀ sí odò Black Volta lọ́dún 2013. Ní Nàìjíríà, abẹ́ adágún Kainji ni omi Bussa wà láti ọdún 1968, níbi tí arìnrìn-àjò òyìnbó nì, Mungo Park, kú sí lọ́dún 1806. Mi ò ní sọ pé kí wọ́n má kọ́ ọ. Iná ń tàn nílé wa lálẹ́ nítorí Akosombo. Ṣùgbọ́n iná tí a torí rẹ̀ pa omi wa yìí, irú rẹ̀ làwọn ẹlòmíràn ń sun láti jí omi tiwọn dìde. Ipa omi àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe sí Áténì fún Òlíḿpíìkì 2004, omi òkun ni wọ́n ń fà sínú rẹ̀. Gbígbẹ ló gbẹ nígbà tó yá.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí omi bo Kpong ti kọjá ọgọ́ta báyìí. Ó wù mí kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà ní Legon mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí Akuse àti Senchi, kí wọ́n bi àwọn àgbà atukọ̀ léèrè bí wọ́n ṣe ń gba àárín àpáta náà kọjá: ibi tí wọ́n ń gbé àjẹ̀ sí, ibi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ fa ọkọ̀, àti orúkọ tí wọ́n ń pe àpáta kọ̀ọ̀kan.