Láti Ìgàndó dé Ajáńgbádì

Ẹni tí ó bá rìn ní ìrọ̀lẹ́ láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún lè pàdé ọmọ tí ó fi agolo sàdíìnì ṣe mọ́tò, tí ó gé sílípáàsì tó ti já ṣe táyà rẹ̀. (Bí ó bá ṣe ti bàbá rẹ̀ tí kò tíì já ni, ẹgba ti wọ ọ̀rọ̀ náà.) "Lọ gbé ìwé rẹ, jáwọ́ nínú ìranù!" ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń wí.

Ọ̀nà tí ó gba Ìgàndó kọjá ló gba Ìbà já sí Ìyànà-Ìbà, nítòsí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó. Láti ibẹ̀, Ajáńgbádì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ kò jìnnà mọ́. Níbẹ̀ ni Daniel Àjàlá Owóṣeéní ti dá Leap of Dance Academy sílẹ̀ ní 2017. Ballet, ijó Yúróòpù tí wọ́n ń fi orí ìka ẹsẹ̀ dúró jó, ló ń kọ́ àwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọ, pálọ̀ ilé rẹ̀ ló sì sọ di kíláàsì.

Àwọn kan ní àdúgbò ní ijó náà kò bójú mu, pé kì í ṣe ijó Kristẹni. A kò dá wọn lẹ́bi. Bí a bá gbọ́ "ijó" láìtíì fojú rí i, ibi tí ọkàn àwa náà yóò kọ́kọ́ lọ nìyẹn. Àjàlá jókòó ti àwọn òbí, ó ṣàlàyé pé ìkóra-ẹni-níjàánu ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn tí ó gbọ́ yọ̀ǹda ọmọ wọn.

Ní oṣù kẹfà 2020, fídíò Anthony Madu, ọmọ ọdún 11 láti ibẹ̀, tí ó ń jó láìwọ bàtà lórí kọnkéré nínú òjò, tàn ká gbogbo ayé. Ní 2021 ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Elmhurst Ballet School ní Birmingham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ọmọ kọ́ ni yóò dé Birmingham, kò sì pọn dandan. Pálọ̀ yẹn ló wú wa lórí jù.

Ẹ tún ka Ẹ́kísódù 31: Ọlọ́run fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún Bẹ́sálẹ́lì nítorí iṣẹ́ ọnà, wúrà, fàdákà àti igi gbígbẹ́. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ìjọ ní Alímòṣọ́ ló fẹ̀ ju pálọ̀ lọ, tí a sì ń tì í pa lọ́sàn-án Sátidé. Télọ̀ ń bẹ nínú ìjọ, káfíńtà ń bẹ, ẹni tí ń tẹ dùùrù ń bẹ. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni a ń bẹ̀ wọ́n fún. Àjákù aṣọ abẹ́ máṣíìnì àti ègé pákó tó kù nílẹ̀ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.