Ta Ni Yóò Mú Kọ́kọ́rọ́ Àká Ìràwọ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láì fara kanra. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, bí ó bá jẹ́ ti ẹyẹ. Ìràwọ̀ tí ó yọ lókè Ìdànrè lálẹ́ kì í béèrè bóyá olówó ni ẹni tí ń wò ó tàbí tálákà, bóyá ọmọ Àkúrẹ́ ni tàbí ọmọ Amẹ́ríkà. Àwọn baba ńlá Yorùbá kò san kọ́bọ̀ kí wọ́n tó mọ Àgùàlà, ìràwọ̀ títàn tí ń bá oṣù rìn, tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní ajá oṣù. Ṣùgbọ́n láyé òde òní, ọ̀tọ̀ ni ojú ọ̀run, ọ̀tọ̀ ni àkọsílẹ̀ ohun tí a rí níbẹ̀. Ojú ọ̀run kò ní ìlẹ̀kùn. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn náà ní kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ náà sì wà lọ́wọ́ ẹnìkan.

Lórí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Cerro Pachón, ní orílẹ̀-èdè Chile, ni ilé ìworàwọ̀ Vera C. Rubin wà. Orúkọ obìnrin onímọ̀ ìràwọ̀ kan, ọmọ Amẹ́ríkà, tí ó gbé ayé láti ọdún 1928 títí di ọdún 2016, ni wọ́n fi sọ ilé náà. Iṣẹ́ obìnrin yìí lórí bí àwọn agbo ìràwọ̀ ńláńlá ṣe ń yí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn onímọ̀ gbà pé ohun tí ojú kò rí lójú ọ̀run pọ̀ ju ohun tí ojú rí lọ. Dígí awò ilé náà fẹ̀ ní mítà 8.4, kámẹ́rà rẹ̀ sì ní mẹ́gápíksẹ́lì 3,200. Ní ọjọ́ 23 oṣù Okúdù ọdún 2025 ni wọ́n fi àwọn àwòrán àkọ́kọ́ han gbogbo ayé. Nínú nǹkan bí wákàtí 10 péré tí wọ́n fi wòran, wọ́n rí àpáta 2,104 tí ń yí òòrùn ká, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ètò ọdún 10 ni iṣẹ́ ibẹ̀: kí wọ́n máa ya àwòrán ojú ọ̀run apá gúúsù léraléra, ní alẹ́ díẹ̀díẹ̀ síra wọn, kí wọ́n lè rí ohun tí ó yí padà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé ojú ọ̀run àjèjì ni èyí. Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó kò jìnnà sí ìlà tí ó pín ayé sí méjì; nítorí náà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìràwọ̀ tí awò Chile ń wò ni ó ń kọjá lórí òrùlé wọn bí ọdún ti ń yí po.

Níbo ni wàhálà wà nígbà náà? Inú ìwọ̀n ẹrù ni. Ní alẹ́ kan ṣoṣo, àkójọ tí kámẹ́rà yìí ń mú wá tó tẹ́rábáìtì 20. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú bírò, kí ó ṣe ìṣirò. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ní íntánẹ́ẹ̀tì tí ń gbé mẹ́gábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí iná kò sì lọ rárá, tọ̀sán-tòru, ọjọ́ 185 ni yóò gbà kí ẹrù alẹ́ kan tó wọlé tán. Nígbà tí ó bá fi dé, ẹrù alẹ́ 184 mìíràn ti ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gbé àká yìí lọ sílé.

Bí ẹrù kò bá ṣe é gbé lọ bá ẹni tí ń béèrè, ẹni tí ń béèrè ni yóò lọ bá ẹrù. Yorùbá ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ẹni tí ó lọ sọ́dọ̀ babaláwo kì í di odù 256 sínú àpò lọ sílé. Ìbéèrè kan ni ó mú lọ, ìdáhùn kan ni ó mú bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé àkójọ ìràwọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́: onímọ̀ yóò kọ ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà tí ó wà nítòsí àkójọ náà yóò yẹ ẹgbàágbèje ìràwọ̀ wò, yóò sì dá èsì kékeré padà. Ohun mìíràn tún wà nínú àfiwé yìí. Ifá kò sí lọ́wọ́ ẹnìkan nílùú kan ṣoṣo. Nítorí pé ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ìlú, ikú ẹnìkan kò lè pa á rẹ́.

Láti Chile, àwòrán ń gba inú wáyà tí ń gbé ìmọ́lẹ̀ kọjá dé ibùdó ńlá SLAC ní California. Àwọn ibùdó kan nílẹ̀ Faransé àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pín nínú iṣẹ́ yíyẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni àwọn ilé àkójọ olómìnira: ilé tí orílẹ̀-èdè mìíràn fi owó ara rẹ̀ gbé ró, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń bójú tó, tí ó sì gba ẹ̀dà àkójọ náà, yálà gbogbo rẹ̀ tàbí apá kan. Edinburgh wà lára wọn. Àwọn ará Brazil náà ní tiwọn lábẹ́ ẹgbẹ́ LIneA ní Rio de Janeiro. Olómìnira ni wọ́n, nítorí pé kì í ṣe Amẹ́ríkà ló ń san owó iná wọn. Síbẹ̀ òmìnira náà ní òfin: kí ọdún 2 tó pé lẹ́yìn ìtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ nìkan ni wọ́n lè ṣílẹ̀kùn fún.

Ta wá ni ẹlẹ́tọ̀ọ́? Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ni, nítorí pé owó wọn ni wọ́n fi kọ́lé; àwọn onímọ̀ Chile ni, nítorí pé orí òkè wọn ni ilé náà wà. Àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ní láti mú nǹkan wá. Àwọn kan mú àkókò ìwòran lórí awò tiwọn wá, àwọn kan mú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ wá, àwọn mìíràn gbé ilé àkójọ kalẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí iye ohun tí wọ́n mú wá ni iye àwọn onímọ̀ wọn tí yóò wọlé. Yorùbá ní orúkọ fún irú àdéhùn yìí: àáró ni. Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ bá òun ro oko lọ́la gbọ́dọ̀ gbé ọkọ́ lọ sóko ẹlòmíràn lónìí. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó àti Ìdànrè sì mọ ohun tí ó ń dé bá ẹni tí kò ní ilé ìkẹ́rùsí: òun ló gbìn, òun ló ká, òun ló sá, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ilé ìkẹ́rùsí ló ń dá iye.

Kò sí ilé àkójọ Rubin kankan ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ kì í ṣe àlejò nínú àáró ojú ọ̀run. Ní oṣù Okúdù ọdún 2017, sátẹ́láìtì kékeré kan tí ń jẹ́ Nigeria EduSat-1, ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Àpapọ̀ tí ó wà ní Àkúrẹ́, gbéra láti Florida. Ní oṣù Agẹmọ ọdún kan náà, wọ́n tú u sílẹ̀ láti ibùdó òfuurufú àgbáyé. Kò tóbi ju àpótí tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ṣe é ní Kyushu Institute of Technology ní Japan, pẹ̀lú àwọn ojúgbà wọn láti Ghana, Mongolia, Bangladesh àti Japan fúnra rẹ̀. Sátẹ́láìtì 5 ni gbogbo rẹ̀, ìgbì rédíò kan náà ni wọ́n sì ń lò.

Ọgbọ́n wà nínú ìgbì kan náà yìí. Sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lókè ìlú kan kí ó tó kọjá lọ. Bí Àkúrẹ́ bá dá nìkan dúró, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́ ni yóò fi gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ibùdó tirẹ̀, ibùdó kan sì lè gba ohùn sátẹ́láìtì ẹlòmíràn kí ó tọ́jú rẹ̀ fún un. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ní ọdún 2019, EduSat-1 já wọ inú afẹ́fẹ́ ayé, ó sì jóná, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí fún irú rẹ̀. Ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fi sílẹ̀ kò ju ìmọ̀ tí ó wà lórí àwọn tí wọ́n ṣe é àti àkọsílẹ̀ tí a gbà lẹ́nu rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ a máa kú. Àkọsílẹ̀ ni ó ń jogún rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ àkọsílẹ̀ í tọ́jú kò kéré sí ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ í ṣe.

Ẹnìkan lè wí pé kí ni Àkúrẹ́ fẹ́ fi àká ìràwọ̀ ṣe, nígbà tí iná kì í dúró, tí àga kò sì tó nínú ọ̀pọ̀ yàrá ẹ̀kọ́. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Kọ̀ǹpútà àkójọ ń fẹ́ iná tọ̀sán-tòru, ó ń fẹ́ òtútù, ó sì ń fẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í sùn tán. Ṣùgbọ́n kí a rántí ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, tí wáyà 4 abẹ́ òkun bàjẹ́ létí Côte d'Ivoire, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dá kọ́ńdọ́kọ́ńdọ́ láti ibẹ̀ dé Nàìjíríà. Ẹni tí gbogbo ìwé rẹ̀ wà ní òkè òkun kò rí ìwé kà dáadáa lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ilé ńlá ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà apá kan, tí ó jẹ́ orúkọ, ipò àti ìmọ́lẹ̀ ìwọ̀nba ìràwọ̀, lè wọnú díísìkì kan ṣoṣo, ọwọ́ tí ó bá sì mọ kékeré í tọ́jú ni a óò fi ńlá lé.

Ibí yìí ni ìlú Oǹdó ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Láti ọdún 1963 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí, tí ó ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ lónìí, ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Olùkọ́ ni ó sì súnmọ́ ìlẹ̀kùn jù, nítorí pé àwọn ìlẹ̀kùn kan wà tí wọn kò tì. Àkójọ Sloan Digital Sky Survey, tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwòran ní ọdún 2000, ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni lè kọ ìbéèrè sí i, ó sì ní ẹ̀kọ́ fún ilé-ìwé. Rubin náà ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún kíláàsì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ohun kan bá yí padà lójú ọ̀run Chile, ìlànà ibẹ̀ ni pé kí ìròyìn rẹ̀ jáde láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 60, láìbéèrè ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ojúlé bíi Lasair àti Fink ń to ìròyìn wọ̀nyí fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Àrokò ni wọ́n. Àrokò a máa dé ọwọ́ ẹni tí kò lè tú u, a sì di ẹrù lásán. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti kọ́ ọmọ bí a ṣe ń tú u.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ ní girama lónìí ní Oǹdó yóò ti tó ẹni tí ń jáde ní yunifásítì kí ọdún 10 tó pé. Nígbà náà, àká ìràwọ̀ yóò kún ju bí ó ti wà lọ. Bí ó bá ti mọ bí a ṣe ń bi àkójọ ní ìbéèrè àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, yóò ní ọkọ́ tí yóò gbé lọ sóko àáró. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò máa wo ìràwọ̀ kan náà lókè Ìdànrè, àwọn ẹlòmíràn yóò sì máa sọ fún un ohun tí ó ń wò.