Kí Ó Gbó Ná

Aró ló kọ́kọ́ tú àṣírí ojú Màmá Aláró. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ó sì ti ń pa aṣọ láró ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tó lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́rin ọdún, àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìtòkú bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àdìrẹ rẹ̀ ti ń dúdú jù. Aṣọ tí wọ́n ní kó dà bí ojú ọ̀run ìyálẹ̀ta ń jáde bí ìdí ìkòkò. Màmá bá wọn jà. Ó ní ẹlú ayé ìsinsìnyí ni kò mú aṣọ mọ́, àwọn tó ń tà á ti ń po nǹkan mọ́ ọn. Aṣọ tó yẹ kó rì bọ aró lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń rì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje, síbẹ̀ lójú tirẹ̀, aró kò tíì ràn.

Èmi ló yẹ kí n fura. Mo ti ka ìtàn Claude Monet, ayàwòrán ilẹ̀ Faransé, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 1912 ni àwọn dókítà sọ fún un pé kataráàtì (cataract) tó wà lójú rẹ̀ ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rù bà á, ó kọ̀. Ó ń ya òdòdó orí omi inú ọgbà rẹ̀ lọ, àwòrán ń pọ́n sí i, ó ń dà bí ìpẹtà, àwọ̀ búlúù ń sá kúrò nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi jẹ́ pé orúkọ tí wọ́n kọ sára ọ̀dà ló fi ń mọ èyí tó ń lò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Clemenceau, tó ti ṣe olórí ìjọba rí tó sì kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà kí wọ́n ṣe ojú ọ̀tún ní 1923. Mo mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ inú ìwé ní ilé tó ń gbé. Kì í sábà tẹ̀ lé ènìyàn dé ẹ̀gbẹ́ ìkòkò aró.

Nígbà tí Màmá da omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ ife tó sì jó ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ilé wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ẹlú. Ìgbà yẹn ni òògùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹnìkan gbé oyin wá, ẹnìkan ní omi ṣúgà ni, ẹnìkan tí n kò ní dárúkọ (ọmọ ìyá mi ni) ní kó máa fi ìtọ̀ òwúrọ̀ fọ ojú náà. Aládùúgbò kan ra òògùn ojú lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, èyí tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù nínú. Ojú tó ń yún rọ̀ lóòótọ́, inú gbogbo wa dùn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé sítẹ́rọ́ọ̀dù tí ènìyàn ń kán sójú láìsí dókítà lè fa kataráàtì, àrùn tó ń bá Màmá jà gan-an, ó sì lè ba iṣan ojú jẹ́ pátápátá.

Ìmọ̀ràn tó pẹ́ lẹ́nu wọn jù ni ti nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọ̀wọ̀ ni nínú ìjọ wa. Ó ní, “Ẹ má tíì gbé e lọ. Kí ó gbó ná.” Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àgbàdo. Ọdún kan gbáko la fi dúró kó gbó.

Kì í ṣe irọ́ ló pa, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́, ojú ńlá ni wọ́n máa ń là, wọ́n á fi òwú rán an, wọ́n á sì fún aláìsàn ní awò tó nípọn bí ìdí ìgò. Ẹni tó bá ṣì ń rí díẹ̀, kí ló ń wá lọ síbẹ̀? Ayé ti kúrò níbẹ̀. Ìgbà tí ìríran bá ti ń dí iṣẹ́ òòjọ́ ẹni lọ́wọ́ ni ìgbà ti tó. Bó bá sì gbó ju bó ṣe yẹ lọ, á le bí òkúta, ó lè wú, kí ìfúnpá inú ojú ga sókè, kí ọ̀rọ̀ di ti òru.

Dókítà ojú tó rí i nígbẹ̀yìn kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ní jígí kékeré kan wà lẹ́yìn ọmọlójú wa, òun ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, ó sì mọ́ gaara bí omi ẹyin tútù. Ọjọ́ orí, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá, ìpalára, wọ́n á máa sè é díẹ̀díẹ̀.

Màmá béèrè pé, “Ṣé kò sí òògùn tí a lè kán sí i ni?”

“Mà, ṣé ẹ ti rí ẹyin sísè tó padà di tútù rí?”

Màmá dákẹ́ díẹ̀. “Ẹ yáa bó o nígbà náà.”

Gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ìtọ́jú àrùn yìí, kò ju gbólóhùn yẹn lọ. Awò tuntun lè ran ènìyàn lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí òògùn kíkán tàbí mímu tó ń wò ó. Kí a yọ ọ́, kí a fi òmíràn dípò rẹ̀. Àríyànjiyàn tó kù ni ẹni tí yóò yọ ọ́ àti bí yóò ṣe yọ ọ́.

Nítorí àwọn mìíràn ń yọ ọ́, tàbí kí n ní wọ́n ń tì í. Bàbá kan ní àdúgbò wa gba ọwọ́ alárìnká kan tó ní abẹ́rẹ́ nínú àpò. Ó ti abẹ́rẹ́ bọ ojú, ó ti jígí ojú náà ṣubú sẹ́yìn sínú ẹyinjú. Ìmọ́lẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. “Ìka mélòó nìyí, Bàbá?” “Méjì!” Ilé hó yèè, ó gba owó, ó di ojú náà, ó ní wọn ò gbọdọ̀ tú u fún ọjọ́ méje. Kí ọjọ́ méje tó pé, òun ti kọjá odò, ojú náà sì ti ń ṣọyún. Ọ̀nà tó ti pẹ́ ni, ìwé Súṣrútà ní Íńdíà àtijọ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Irú rẹ̀ náà ni John Taylor ṣe fún olórin Bach ní 1750, Bach kò ríran mọ́, kò sì pé oṣù díẹ̀ tó kú. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, àrùn yìí ló fa nǹkan bí ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ìfọ́jú láàárín àwọn tó lé ní ogójì ọdún. Nínú ojú tí wọ́n ti fọwọ́ kàn nítorí rẹ̀, ó lé ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá tó jẹ́ abẹ́rẹ́ báyìí ni, bíi méje nínú mẹ́wàá irú ojú bẹ́ẹ̀ ló sì fọ́. N kì í bínú sí bàbá yẹn. Alárìnká wá bá a nílé, ó fi èdè tó yé e bá a sọ̀rọ̀, kò ní kó lọ gba káàdì ní aago márùn-ún ìdájí.

Jígí tí wọ́n fi dípò ni ìtàn tirẹ̀ dùn mọ́ mi jù. Lásìkò ogun Hitler, ike fèrèsé bàálù fọ́ wọ ojú àwọn awakọ̀ òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà Harold Ridley ṣàkíyèsí pé ike náà jókòó sínú ojú jẹ́jẹ́, ojú kò bá a jà. Ó ronú lé e, ó sì fi irú ike bẹ́ẹ̀ ṣe lẹ́ńsì, ó fi èyí àkọ́kọ́ sínú ojú obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kọkànlá 1949. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú u fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀rọ wà báyìí tó ń gbọ̀n lọ́nà tí etí kò lè gbọ́, tó ń fọ́ jígí ojú sí wẹ́wẹ́ kó tó fà á jáde; ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín ni Charles Kelman ti rí i kọ́ ní Amẹ́ríkà. Owó rẹ̀ kò kéré. Ti ọwọ́ ni wọ́n ṣe fún Màmá: ojú kékeré tí kò gba òwú, kò sì tó ogún ìṣẹ́jú. Bí jígí bá ti le bíi tirẹ̀, ti ọwọ́ kì í ṣe ìtọ́jú aláìní rárá. Wọ́n ti kọ́kọ́ wọn ẹyinjú rẹ̀ kí wọ́n lè mọ lẹ́ńsì tó bá a mu, wọ́n sì yẹ ìfúnpá inú ojú wò, nítorí bí iṣan ẹ̀yìn ojú bá ti kú, lẹ́ńsì tuntun kò ní rí nǹkan kan ṣe. Abẹ́rẹ́ ìpàrora lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ló bà á lẹ́rù jù. Ó ní òun gbọ́ nígbà tí dókítà ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀sán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n tú ojú ọ̀tún tí wọ́n dì. Kò sọ pé òun rí Ọlọ́run. Ó wò mí títí, ó ní, “Àkànní, o ti hewú báyìí?”

Nígbà tí a délé, kò jókòó. Ó ní kí wọ́n gbé àpótí aṣọ wá, ó tú àwọn àdìrẹ ọdún méjì sẹ́yìn sílẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, ó wo aṣọ. Ó bo ojú ọ̀tún, ó wò ó. Ó tún ṣe é. Ojú kan ń sọ pé aró, èkejì tí wọn kò tíì ṣe ń sọ pé ìpẹtà. Aṣọ kan náà ni.

Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ní kó lọ bá àwọn oníbàárà tí òun bú ní Ìtòkú, kó bá òun bẹ̀ wọ́n. Ó wá yíjú sí mi. “Ìgbà wo la ń padà lọ ṣe ti òsì?” Mo ní dókítà sọ pé kí a fún un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ná. Ó tún fọwọ́ bo ojú ọ̀tún.

“O ò sì ní sọ pé kó gbó.”