Ohun Tí A Pè Ní Làpálàpá

Àwa mẹ́ta ni a jọ kọ èyí, ṣùgbọ́n àwa mẹ́rin ni a jọ ń gbé yàrá. Ẹni kẹrin ni ọ̀rọ̀ náà kàn. A óò máa pè é ní Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ti ka gbogbo ohun tí a kọ síbí. Ó yọ ibi méjì kúrò, ó sì ní kí a fi ibi tó tì wá lójú jù sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Nígbà tí a kó wọ yàrá náà ní ọdún kejì wa, bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí a gbé èyí tó bá sún mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí a fi rí ìgúnpá Àbẹ̀kẹ́. Ohun kan wà níbẹ̀ tó nípọn, tó dúdú ju awọ rẹ̀ yòókù lọ, tó fẹ́ jọ elésè àlùkò, ìpẹ́ funfun sì bò ó bí eérú. Ó wà ní orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó wà ní ìpàkọ́ lábẹ́ irun. Tó bá dìde láàárọ̀, a ó rí ìpẹ́ lórí aṣọ ìbùsùn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ló ní làpálàpá ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a ti fi máákà kọ orúkọ wa sára bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. A kò kọ nǹkan kan sára ti Àbẹ̀kẹ́. Kò sí ìdí tí a ó fi kọ ọ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

A kò bú u o. Ẹ má rò pé ọmọ burúkú ni wá. A ra ọṣẹ dúdú fún un, a tún bá a ra ìpara lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń po ìpara tà nítòsí gééètì. Ìpara náà sì ṣiṣẹ́! Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ara rẹ̀ ti ń dán, àwa náà ti ń pe ara wa ní dókítà. Ìgbà tí ìpara tán, tí kò sì rí owó ra òmíràn, ni nǹkan náà padà dé, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ti mọ̀ báyìí pé sitẹ́rọ́ọ̀dù líle máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ irú ìpara bẹ́ẹ̀, èyí tí kò yẹ kí ènìyàn dá lò láìrí dókítà, tí kò sì yẹ kí ó ṣàdédé fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ní aago mẹ́ta òru, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni ní balùwẹ̀. Aṣọ alápá gígùn ló ń wọ̀ nínú ooru oṣù kẹta. Kì í lọ sí kíláàsì aago mẹ́jọ mọ́. Àwọn ará yàrá kejì ní ọmọ ẹgbẹ́ ni, ẹgbẹ́ òkùnkùn. A rẹ́rìn-ín, a kò bá wọn jiyàn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni a ṣẹ̀ jù. Láàárọ̀, Àbẹ̀kẹ́ a jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì fún bíi wákàtí kan, a máa la ọwọ́, a máa pa á dé, bí ẹni ń fún aṣọ. A ní kí a bá òun ṣí ìdérí ìgò. A ní kí a bá òun de bọ́tìnnì. Tí oòrùn bá ti ga, ọwọ́ náà a rọ̀, a kọ̀wé, a fọ aṣọ. Bẹ́ẹ̀ àárọ̀ ni a máa ń gbálẹ̀ yàrá. Ọwọ́ tó le láàárọ̀ tó sì rọ̀ lọ́sàn-án, a ní ọwọ́ ẹni tí kò fẹ́ gbálẹ̀ ni. A sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ó gbálẹ̀ lọ́jọ́ náà. A rí i tó ń fi ọwọ́ méjèèjì di ìgbálẹ̀ mú, a kò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a ń múra àpèjẹ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, a jọ kun èékánná. Ti Àbẹ̀kẹ́ ní ihò wẹ́wẹ́ káàkiri, bí ìgbà tí èèyàn fi orí abẹ́rẹ́ gún un, méjì nínú wọn sì ti ń ṣí kúrò lára ẹran. A ní ọ̀dà náà ni kò dára. A kùn ún lẹ́ẹ̀kejì.

Kì í ṣe pé kò lọ sílé ìwòsàn. Ó lọ nítorí awọ, wọ́n fún un ní ìpara làpálàpá. Ó lọ nítorí ọwọ́, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá làkúrègbé ni, èsì ní kò sí nǹkan kan, wọ́n ní kí ó dín fóònù títẹ̀ kù. Lọ́jọ́ mìíràn, ibà ló gbé e lọ, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ga ju bó ti yẹ kó ga lára ọmọ ọdún 21, wọ́n ní kí ó má jẹ iyọ̀ púpọ̀. Ẹni tó wo ọwọ́ kò ní kí ó ká apá aṣọ sókè. Ẹni tó wo ìgúnpá kò bèèrè nípa ọwọ́. A kò lè bínú sí wọn jù, àwa tí a ń bá a sùn nínú yàrá kan náà kò so ó pọ̀.

Ilé ìwòsàn mìíràn ni ó ti rí dókítà awọ ara, obìnrin kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wa tẹ̀ lé e lọ. Dókítà wo ìgúnpá rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré, ó ní, “Mú ọwọ́ wá.” Ó wo èékánná. Ó ń tẹ oríkèé ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bèèrè bí ọwọ́ náà ṣe ń pẹ́ tó kó tó rọ̀ láàárọ̀, bóyá gìgísẹ̀ ń dùn ún, bóyá ojú rẹ̀ máa ń pọ́n tó sì ń ro ó. Ó bèèrè bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ní irú rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ rántí ìyá bàbá rẹ̀, tí ìka ọwọ́ rẹ̀ wọ́, tí gbogbo ilé gbà pé ayé ló ṣe é. Lẹ́yìn náà dókítà bèèrè bóyá ó ń rí oorun sùn, bóyá inú rẹ̀ máa ń dùn sí nǹkan. Ibẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́ ti sunkún.

Dókítà ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, awọ ni ẹ gbé wá fún mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe awọ nìkan ló ń ṣàìsàn.”

Psoriasis ni. Àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara ló dìde sí ara fúnra rẹ̀. Awọ tó yẹ kó gba nǹkan bí oṣù kan kó tó pààrọ̀ ara rẹ̀ ń ṣe é láàárín ọjọ́ mélòó kan, òun ló fi ń nípọn, tó ń ṣí bí ìpẹ́. Kò sí kòkòrò nínú rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. (Àwa nìkan kọ́ la ṣe é ní àṣìṣe. Nílẹ̀ Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kà á mọ́ ẹ̀tẹ̀, kí Ferdinand von Hebra ní Vienna tó là wọ́n sọ́tọ̀ ní 1841.)

Iná yẹn kì í dúró lára awọ. Ohun tó ń dá a sílẹ̀ ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Ó lè mú oríkèé àti ibi tí iṣan ti so mọ́ egungun, wọ́n ń pe ìyẹn ní psoriatic arthritis. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó ní psoriasis, àwọn tó ń ní in lè tó mẹ́ta. Awọ ló sábà ń ṣáájú, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọdún mẹ́wàá, èékánná tó ní ihò sì jẹ́ àmì kan tó yẹ kó mú dókítà wo oríkèé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún làkúrègbé kì í sábà rí i, ìdí nìyẹn tí èsì fi ní kò sí nǹkan kan. Bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè ba oríkèé jẹ́ pátápátá.

A lọ kà sí i, torí ẹ̀rí ọkàn ń da wá láàmú. Ní 2006, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA, àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ní Britain ni wọ́n lò. Ó fi hàn pé ìkọlù ọkàn wọ́pọ̀ ju bó ti yẹ lọ lára àwọn tí psoriasis wọn le, àti pé lára ọ̀dọ́ wọn ni ìyàtọ̀ náà ti hàn jù. Ní 2018, nígbà tí àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà tẹ ìlànà wọn lórí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ jáde, wọ́n ka psoriasis mọ́ ohun tó ń fi kún ewu àìsàn ọkàn. Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru náà máa ń bá a rìn, sísanra jù pẹ̀lú, nítorí ọ̀rá ara fúnra rẹ̀ ń dá irú iná kan náà. Ìsoríkọ́ ńkọ́? A rò pé ìtìjú nìkan ló ń fà á. Ìtìjú wà níbẹ̀ lóòótọ́, a mọ àwọn tó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníwádìí gbà pé iná inú ara náà lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ oògùn. Beta-blocker tí wọ́n ń fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru lè mú psoriasis ru sókè. Lithium tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ kan lè ṣe bẹ́ẹ̀, chloroquine tí a fi ń wo ibà láyé àtijọ́ náà sì wà lára wọn. Ẹni tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa awọ rẹ. Àbẹ̀kẹ́ ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan báyìí, òun ló ń gbé fún dókítà kó tó jókòó.

Methotrexate ló ń lò, fún awọ àti oríkèé pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, kì í ṣe lójoojúmọ́, torí àṣìlò rẹ̀ lè pa ènìyàn. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, owó àyẹ̀wò yẹn gan-an ló ń dà á láàmú ju oògùn lọ. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ oògùn, fóònù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń dún ní aago mẹ́sàn-án, àwọn ará yàrá kejì sì ń bú wa. Kò tíì lọ tán. Dókítà ti sọ fún un pé kò ní lọ pátápátá, pé ohun tí a ó máa ṣọ́ ni. Ṣùgbọ́n wákàtí kan àárọ̀ ti di bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nígbà tí a wọlé fún ọdún kẹta, ọ̀kan nínú wa fi kànìnkànìn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ orúkọ kúrò lára bọ́kẹ́ẹ̀tì. Máákà náà kò lọ. Ó gbìyànjú eérú, ó gbìyànjú kẹrosíìnì. Àbẹ̀kẹ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, ó ń wò ó.

Ó ní, “Ẹ fi sílẹ̀ jàre, mo fẹ́ wẹ̀.”

Ó gbé èyí tó sún mọ́ ọn, tòun ti orúkọ tó wà lára rẹ̀, ó lọ. Aago méje àárọ̀ ni, balùwẹ̀ kún fọ́fọ́.